Ìsinmi Ìwọ̀n Mọ́kàndínlógójì

Fáyólìn kejì ni mo ń ta. N kò jókòó sí ti kìíní rí.
Lọ́sàn-án, ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta;
lálẹ́ Sátidé yẹn, mo wọ kóòtù dúdú tí àna mi yá mi,
ó fún mi lápá, bí mo bá na ọwọ́, abẹ́ rẹ̀ a ké.
Okùn mẹ́rin ló wà lára fáyólìn mi.
Ìkẹrin, okùn ìwọ̀ ẹja ni:
èyí tó já, Kàbà kò ní in, Lọ́kọ́ja kò ní in.

Àlejò tí yóò darí wa, ìlú etí omi ló ti wá.
Ẹ́fíọ̀mù lorúkọ rẹ̀, orí rẹ̀ funfun bí òwú àwọn ahunṣọ Ógìdì.
Wọ́n ti kọ́ ọ bí a ṣe ń kí ara wa níhìn-ín.
Ó dúró níwájú gbogbo Ìsánlú, ó ní, "Òkun o!"
Ó tẹ ohùn ìbẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀,
okun wá di alagbalúgbú omi.
Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín, Bàbá Ọbajẹ́mú fi fìlà nu ojú:
"Ọmọ etídò, òkun jìnnà síbí o! Okun ni kí o wí!"
"Okun," ni ó wí.
Ilé dáhùn, páànù fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí.

Mojírádé Ìpinmiṣọ́ jáde,
aṣọ rẹ̀ pọ́n bí èso kajú tó tó já.
Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ohùn tí wọ́n sanwó wá gbọ́ yìí,
òun náà ló fi ń lé ọ̀bọ nínú oko àgbàdo ìyá rẹ̀,
nígbà tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ.

Orin bẹ̀rẹ̀.
Ní ti àwa fáyólìn kejì, ìwé ní kí a dákẹ́,
ìwọ̀n mọ́kàndínlógójì.
Olùdarí ti kìlọ̀ fún wa lọ́jọ́ ìgbìdánwò:
"Ìsinmi kì í ṣe oorun. Ẹni tó dákẹ́, iṣẹ́ ló ń ṣe."
Mo ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kà á nínú bàtà,
ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta,
mo dé ẹ̀rìnlá,
òjò dé.

Kì í ṣe òjò tó ń kanlẹ̀kùn.
A rí ẹnu Mojírádé, a kò gbọ́ ohùn rẹ̀.
Afunfèrè fẹ́ máa bá a lọ; olùdarí mi orí fún un,
ó sọ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀,
ó jókòó sétí pèpéle bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò.
Ẹnìkan gbé bàsíà sábẹ́ ibi tó ń jò.
Ìyá Mojírádé dìde láti ìlà kẹta,
ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi bo èjìká ọmọ,
ó padà lọ jókòó, kò sọ nǹkan kan.
Bàbá Ọbajẹ́mú tẹ̀ lọ sétí àlejò, ó pariwo:
"Òkun tí o pè ti dé o!"
Àlejò rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú.

Nígbà tí ó dá, bàsíà nìkan ló kù tó ń dún.
"Níbo la dé?" ni ó bi wá.
Sẹ́lò ní ibí ni, fèrè ní ọ̀hún ni.
Èmi tí n kò sọ̀rọ̀ rí nínú ẹgbẹ́ yìí fún ọdún mẹ́rin,
mo ní, "Ẹ̀rìnlá, ọ̀gá. Ó ku mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n."
Ó wò mí. Ó gbé ọ̀pá sókè.

Ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ̀rìndínlógún.
Ohùn Mojírádé gun òkè lọ láìfi ọwọ́ di ibì kankan mú,
nọ́ńbà dànù lọ́wọ́ mi bí ẹ̀wà nínú abọ́.
N kò lè sọ ẹni tó mú mi wọlé.
Mo ṣáà rí i pé apá mi ti ń lọ,
kóòtù àna mi ń ké,
okùn ẹja ń dún.